Afro-Jùjú: Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀, ibo ló parí sí, kí ló sì fi yàtọ̀ sí fújì, Afrobeat àti tùǹgbá?

Ẹ lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ọ. DJ á gbé orin kan sí i, ìlù á sáré jáde, gìtá á tẹ̀lé e, gángan á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àwọn tó ti jókòó ti ìrẹsì wọn á dìde. Bí ẹ bá wá bi ẹni mẹ́ta léèrè irú orin tó ń lọ lọ́wọ́, ìdáhùn mẹ́ta lẹ máa gbọ́. Bàbá àgbà á ní jùjú ni. Ìyá ìyàwó á ní Shina Peters ni. Ọmọ ọdún méjìlélógún á ní Afrobeats àtijọ́ ni.

Kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn, ṣùgbọ́n orúkọ tó tọ́ sí orin náà ni Afro-jùjú. Orin ijó ni, orin ìgboro ni, ọdún tó fi gbòde kò sì pọ̀ rárá. Síbẹ̀, kò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń jó. Ohun tó fa àríyànjiyàn ni pé àárín àwọn orin ńlá ńlá ló wà: jùjú wà lọ́tùn-ún, fújì wà lósì, Afrobeat wà lẹ́yìn, Afrobeats tòde òní sì ti dé iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ ibi tí ààlà wà mọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ rèé.

Kí ni wọ́n ń pè ní Afro-jùjú gan-an?

Ní kúkúrú, Afro-jùjú ni jùjú tí wọ́n mú yára, tí wọ́n fi agbára ìlù Afrobeat àti ìgbóná fújì sí lára, tí wọ́n sì fún ní dídán orin póòpù nínú sítúdíò. Ìparí àwọn ọdún 1980 ló yọ, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ló sì lókìkí jù lọ. Ẹni tí orúkọ náà rọ̀ mọ́ lára jù ni Sir Shina Peters, tí wọ́n bí ní 1958.

Ẹ kíyè sí i pé jùjú ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú orúkọ náà. Jùjú ni ilé. "Afro" tó wà níwájú rẹ̀ ni àlejò tó wọlé tí kò lọ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ààlà orin yìí ní láti kọ́kọ́ mọ ilé náà.

Ilé tó ti jáde wá

Ìlú Èkó ni jùjú ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Túndé King ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń dárúkọ pé òun ló sọ ọ́ di orin tó ní orúkọ. Nígbà náà, orin àwọn díẹ̀ ni: ohun èlò olókùn bíi bẹ́ńjò tàbí gìtá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti tanborín-ìn. Inú yàrá àti àgbàlá ni wọ́n ti ń ṣe é, fún àwọn ọ̀rẹ́ tó kóra jọ. Àwọn kan sọ pé ara bí wọ́n ṣe ń ju tanborín-ìn náà sókè ni orúkọ jùjú ti wá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan yí padà. Gìtá oníná wọlé, orúkọ Àyìndé Bákàrè sì wà lára àwọn tó ṣáájú níbẹ̀. Gángan náà wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1940. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950 sí 1960, I.K. Dáíró fi àkọ́díánì kún un, òkìkí rẹ̀ sì kàn débi pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún un ní oyè MBE ní 1963.

Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ló wá sọ jùjú di ẹgbẹ́ ńlá, tí gìtá mẹ́rin tàbí márùn-ún ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn elégbè tò lẹ́yìn, tí ojú kan àwo orin sì lè jẹ́ orin kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àsìkò owó epo rọ̀bì ni. Owó wà nílùú, ìnáwó pọ̀, ẹni tí wọ́n bá sì kọ orin fún níbi ìnáwó mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Ohun kan wà tí ẹ ní láti rántí nínú ìtàn jùjú: abẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Obey ti ṣe abẹ́ Fàtáì Rolling Dollar kó tó dá dúró. Sunny Adé ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá. Bí ọmọ ẹ̀yìn bá dàgbà, á kúrò, á sì wá orúkọ tirẹ̀ fún ohun tó ń ṣe. Obey pe tirẹ̀ ní Míliki. Sunny Adé ní Synchro System. Délé Abíọ́dún ní Adawa. Àṣà orúkọ yìí ló bí ìjà ààlà tá a ń sọ.

Ọmọ ẹ̀yìn méjì, orúkọ méjì

Prince Adékúnlé jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá jùjú ní àwọn ọdún 1970. Lábẹ́ rẹ̀ ni Shina Peters àti Ṣẹ́gun Adéwálé ti ṣiṣẹ́ pọ̀. Nígbà tí wọ́n kúrò, wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì pè, Shina Adewale and the Superstars International. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, kálukú ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Ṣẹ́gun Adéwálé ló kọ́kọ́ sáré. Ó pe orin tirẹ̀ ní Yo-Pop, ìyẹn póòpù Yorùbá. Jùjú ni, ṣùgbọ́n ó le, ó yára, gìtá rẹ̀ ń ké bíi ti rọ́ọ̀kì, fọ́ńkì sì wà nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Stern's ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo rẹ̀ "Play for Me" jáde ní 1983, nígbà tí àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fetí sí jùjú nítorí Sunny Adé.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò sẹ́ni tó ti mú jùjú yára kó tó di 1989, kò sọ òótọ́. Yo-Pop ni ẹ̀gbọ́n Afro-jùjú. Ọ̀gá kan náà ló tọ́ àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò sì pọ̀. Yo-Pop fi ara mọ́ rọ́ọ̀kì àti fọ́ńkì jù. Afro-jùjú fi ara mọ́ ìlù ilé, ó sì gba agbára lọ́dọ̀ fújì. Yo-Pop kọ́kọ́ rí àyè nílẹ̀ òkèèrè. Afro-jùjú ló gba òde ìnáwó nílé.

1989: ọdún tí "Ace" jáde

Ẹ rántí bí ìlú ṣe rí. Ètò SAP tí ìjọba Babangida gbé kalẹ̀ ní 1986 ti fa náírà walẹ̀. Ohun èlò orin tó ń ti òkè òkun wá ti wọ́n. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ka jùjú sí orin àwọn bàbá, tó jẹ́ pé ẹni tó bá ní mọ́tò àti agbádá ni wọ́n ń kọ ọ́ fún. Fújì ló ń kó àwọn ọmọ ìgboro lọ. Àwọn tó wà ní yunifásítì ń gbọ́ orin Amẹ́ríkà àti régè.

Inú irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni Shina Peters gbé "Ace" jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ CBS. Ẹni tó ṣe kòkárí àwo náà nínú sítúdíò ni Láolú Akins, tó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì BLO ní àwọn ọdún 1970. Ìyẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tó mọ bí ìlù rọ́ọ̀kì àti fọ́ńkì ṣe ń rìn ló jókòó ti orin ọmọ jùjú. Kò yani lẹ́nu pé ìlù ló kọ́kọ́ máa ń lu èèyàn láyà nínú àwo náà.

"Ace" mi ìlú. Tọmọdé tàgbà ló ń jó o. Ọdún tó tẹ̀lé e, 1990, "Shinamania" jáde, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà sì ni àwọn ìwé ìròyìn fi ń pe bí àwọn èèyàn ṣe ń ya wèrè nítorí rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ọmọ ilé-ìwé àti olówó tó wọ agbádá jọ ń béèrè fún orin kan náà.

Ohun márùn-ún tí ẹ fi lè dá a mọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá Afro-jùjú ni orin kan, kó fetí sí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Àkọ́kọ́ ni gìtá. Gìtá jùjú kì í kàn ń dún lásán. Ó ń fi orin kékeré kan náà ṣe àwítúnwí, gìtá kejì á sì dá a lóhùn. Nínú Afro-jùjú, gìtá yìí kò kúrò. Ó kàn yára ni.

Ìkejì ni dírọ́ọ̀mù, ìlù òyìnbó tí wọ́n ń jókòó lù. Nínú jùjú àtijọ́, àkúbà, gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló ń gbé orin; bí dírọ́ọ̀mù bá wà, ẹ̀yìn ló ń jókòó sí. Nínú Afro-jùjú, òun ló wà níwájú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ṣinṣin tó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ ijó kankan náà á rí ibi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí.

Ìkẹta ni gángan. Kò sí Afro-jùjú tí gángan kò sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Gángan ń pe oríkì, ó ń pa òwe, ó ń pàṣẹ fún oníjó, àwọn ìlù tó kù sì lè dákẹ́ kó lè rí àyè sọ ohun tó ní í sọ.

Ìkẹrin ni kíbọ́ọ̀dù. Níbi tí ẹgbẹ́ Afrobeat ti máa kó àwọn afunfèrè márùn-ún wá, ìka ọwọ́ ẹnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ náà nínú Afro-jùjú. Ìró tó ń dán yẹn, tó máa ń jẹ́ kí àwọn èèyàn sọ pé ó ń dún bí orin ọdún 1990, òun ni.

Ìkarùn-ún ni ọ̀rọ̀ ẹnu orin. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́, fàájì, àdúrà owó, ìyìn ẹni tó ń ṣe ìnáwó, ìpè síjó. Èdè Yorùbá ló pọ̀ jù, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti ìgboro á máa já wọlé. Orin kan á máa wọ inú òmíràn láìdúró, gẹ́gẹ́ bí jùjú ṣe máa ń ṣe, kí oníjó má baà rí ìdí láti lọ jókòó.

Bí ẹ bá yọ ọ̀kan kúrò ńkọ́?

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ ààlà nìyẹn: ẹ yọ nǹkan kan kúrò, kí ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù.

Ààlà pẹ̀lú jùjú. Bí ẹ bá yọ dírọ́ọ̀mù tó wà níwájú, tí ẹ sì dín eré rẹ̀ kù, jùjú ló kù. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹsẹ̀ oníjó. Jùjú ti Obey fẹ́ kí èèyàn rọra fi èjìká ṣe é, kó máa yí lọ síwájú olórin pẹ̀lú ìyì, kí àwọn tó fẹ́ náwó fún un ráyè. Afro-jùjú fẹ́ òógùn. Bí orin bá ti ń sọ fún ara pé kó ṣe nǹkan mìíràn, ó ti di orin mìíràn.

Ààlà pẹ̀lú fújì. Ibí yìí ni wọ́n ti máa ń ṣìnà jù. Fújì ti ara wéré jáde, orin tí wọ́n fi ń jí àwọn Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ramadan. Síkírù Àyìndé Barrister ló sọ ọ́ di orin ńlá, ó sì sọ fúnra rẹ̀ pé ara àwòrán òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfúrufú ni òun ti mú orúkọ náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, fújì kò ní gìtá rárá. Ìlù àti ohùn ni.

Lónìí, fújì ti ní kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti sasofóònù. Wàsíù Àyìndé ń lò wọ́n lórí ìtàgé. Nítorí náà, gìtá nìkan kò tó láti fi pààlà mọ́. Ohùn ni ẹ ní láti gbọ́. Olórin fújì máa ń fa ohùn, á fì í, á yí i ká bí ìgbà tí èèyàn ń ké ìpè àdúrà. Elégbè jùjú máa ń kọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ pọ̀, bí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, torí pé inú orin ìsìn ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ ọ. Shina Peters ya ìgbóná fújì lò, ṣùgbọ́n ohùn àwọn elégbè rẹ̀ kò kúrò nínú jùjú.

Ẹni tó dúró sórí ààlà yìí jù ni Adéwálé Ayùbá. Nígbà kan náà tí Afro-jùjú ń gbòde, ó mú fújì dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó fi kíbọ́ọ̀dù dán an, ó sì pè é ní Bonsue. Ètò rẹ̀ jọ ti Shina Peters gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ gbọ́ bí ìlù ṣe ń gbé e. Fújì ni.

Ààlà pẹ̀lú Afrobeat. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì àti onílù rẹ̀, Tony Allen, ló gbé Afrobeat kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, láti inú háílàìfù, jáàsì àti fọ́ńkì. Ohun tí Afro-jùjú gbà níbẹ̀ ni agbára ìlù àti bí báàsì gìtá ṣe ń tẹ̀ síwájú. Ohun tó kọ̀ sílẹ̀ pọ̀ jùyẹn lọ. Kò gba ìjà pẹ̀lú ìjọba. Kò gba àwọn afunfèrè tó máa ń fun fèrè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹnikẹ́ni tó kọrin. Fẹlá kì í dárúkọ olówó níbi ìnáwó kó lè náwó fún un. Afro-jùjú kò lè yè láìsí ìyẹn. Bí ẹ bá yọ gángan àti ìyìn kúrò nínú Afro-jùjú, tí ẹ fi fèrè àti ọ̀rọ̀ òṣèlú rọ́pò, Ilé Ìjọsìn Fẹlá lẹ ti dé yẹn.

Ààlà pẹ̀lú Afrobeats. "S" tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Afrobeats ni orúkọ tí wọ́n fún póòpù ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tòde òní, èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ghana pọ̀ sí, ni orúkọ náà ti tàn lórí rédíò, ní nǹkan bí 2011. Olórin Afrobeats lè yá ìró gángan tàbí gìtá jùjú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ìyẹn kò sọ ọ́ di Afro-jùjú. Ẹgbẹ́ tó ń lu ìlù pọ̀, tí ọ̀kan ń dá èkejì lóhùn, ni Afro-jùjú. Bí kò bá ti sí ẹgbẹ́, tó jẹ́ pé ẹnì kan àti kọ̀ǹpútà ni, orúkọ tó yẹ kí wọ́n wá ni "orin tó rántí Afro-jùjú".

Ààlà pẹ̀lú tùǹgbá. Èyí ló le jù. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, tó ti ṣiṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn kí ìjàǹbá mọ́tò tó ṣẹlẹ̀ sí i ní 1997, gbé "Bitter Experience" jáde ní 1998, ó sì sọ tùǹgbá di orin tí kò ṣeé má gbọ́ níbi ìnáwó. Bí ẹ bá di etí sí ọ̀rọ̀, tí ẹ gbọ́ ìró nìkan, ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà nínú Afro-jùjú ló wà níbẹ̀: dírọ́ọ̀mù níwájú, kíbọ́ọ̀dù, gángan, orin tí ń wọ inú orin. Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Ti tùǹgbá, ìyìn Ọlọ́run ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ti Afro-jùjú, fàájì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run kì í wọ́n nínú rẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ nìkan wá tó láti pààlà? Nílẹ̀ Yorùbá, ó tó. Ibi tí wọ́n ti máa pe olórin, ẹni tó máa pè é, ọjọ́ tó máa ṣeré, àti ohun tí kò ní kọ bí wọ́n tiẹ̀ náwó fún un, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Àbúrò Afro-jùjú ni tùǹgbá, ṣùgbọ́n ó ti kó lọ sílé tirẹ̀.

Ṣé ẹ̀yà orin ni, àbí orúkọ ìpolówó lásán?

Àwọn tó tako orúkọ náà ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní gbogbo ọ̀gá jùjú ló sọ orin rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé Míliki tàbí Adawa jẹ́ ẹ̀yà orin lọ́tọ̀. Kí ló dé tí ti Shina Peters á fi yàtọ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tó ń lò ó. Bí ẹ bá sọ pé Míliki, Obey nìkan lẹ ń sọ. Bí ẹ bá sọ pé Synchro System, Sunny Adé ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá sọ pé òun fẹ́ ẹgbẹ́ Afro-jùjú fún ọjọ́ ìbí ìyá òun, kò túmọ̀ sí pé Shina Peters nìkan ló lè wá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí kò ní àwo orin kankan ló ń ṣe é láti òde ìnáwó kan sí òmíràn. Ọjọ́ tí orúkọ bá ti kúrò lára ẹnì kan, tó di ohun tí ẹlòmíràn lè ṣe, tí àwọn èèyàn sì lè sọ pé èyí dáa, èyí kò dáa, ọjọ́ náà ló di ẹ̀yà orin.

Ìyẹn kò sọ pé gbogbo jùjú tó yára lẹ́yìn 1989 ni Afro-jùjú. Orin Dayọ̀ Kújọrẹ́, ẹni tí ọ̀pọ̀ mọ̀ mọ́ "Ṣókò", jáde láàárín àsìkò kan náà, ó sì mú àwọn ọ̀dọ́ jó. Àwọn kan kà á mọ́ Afro-jùjú, àwọn kan ní jùjú tó ta kíjí ni. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò lè tán. Ààlà orin kì í ṣe ògiri. Ó dà bí ààlà oko méjì, tí igi kan wà láàárín tí oníkálukú ń pè ní tirẹ̀.

Kí ló wà níbẹ̀ fún àwa tá a kàn ń jó?

Ẹnì kan lè sọ pé orúkọ kì í yọ ijó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ ló ń sọ ẹni tó máa jẹun nínú rẹ̀.

Ní 2023, àwọn tó ń ṣètò àmì ẹ̀yẹ Grammy kéde ẹ̀ka tuntun fún orin Áfíríkà. Wọ́n to orúkọ orin bíi mọ́kàndínlógún tó lè wọ ibẹ̀. Afrobeat àti Afrobeats wà níbẹ̀. Háílàìfù wà níbẹ̀. Fújì wà níbẹ̀. Jùjú kò sí níbẹ̀, ká má tíì sọ ti Afro-jùjú. Bẹ́ẹ̀, orin jùjú ni King Sunny Adé fi dé orí ìwé àwọn tí wọ́n yàn fún Grammy lẹ́ẹ̀mejì, nípasẹ̀ "Synchro System" àti "Odù". Wọn kò sọ pé kí olórin jùjú má wá o. Wọn kàn kò rántí orúkọ rẹ̀ ni, ohun tí wọn kò bá sì rántí orúkọ rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n pè é.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé orin sórí àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin ní láti mú orúkọ ẹ̀yà kan. Bí kò bá rí tirẹ̀, á wọ abẹ́ Afrobeats, yóò sì sọnù sáàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún orin tí kò jọ ọ́. Ọmọ tó ń wá orin tí ìyá rẹ̀ jó níbi ìgbéyàwó rẹ̀ kò ní rí i, torí pé kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é.

Àwọn alùlù náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Afro-jùjú kan lè kó èèyàn mẹ́wàá sí márùndínlógún: onígìtá, onígángan, aláàkúbà, ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn, ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù. Bí orúkọ náà bá wá túmọ̀ sí ohunkóhun tí DJ bá gbé sí i tí gángan dún níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣe ìnáwó kò ní rí ìdí tó fi yẹ kó sanwó fún èèyàn márùndínlógún. Bí onígángan kò bá sì rí iṣẹ́, ta ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀?

Bí ẹ bá tún gbọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé

Ìbéèrè mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ṣé gìtá ń dá gìtá lóhùn? Ṣé dírọ́ọ̀mù ló wà níwájú, tó ń lé orin lọ? Ṣé gángan ń sọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀, àbí ó kàn ń dún? Ṣé àwọn elégbè ń kọ ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀, tí ọ̀rọ̀ wọn sì dá lórí fàájì?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mẹ́rin, Afro-jùjú ni, ẹ má bẹ̀rù láti pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ ti wà lórí ààlà, ẹ lè bá bàbá àgbà jiyàn títí ìrẹsì á fi tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.

Tí onígángan bá sì wà níbẹ̀ ní ojúkojú, tó pe orúkọ yín, ẹ má jẹ́ kó pè é lásán. Ẹ fi ọwọ́ kan àpò.